Ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀nà àtijọ́: bí ẹ ṣe lè ṣètò rálì láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ wá sí rálì, ìyẹn ìdíje ojú ọ̀nà tí ẹni tó bá dé ní àkókò tí a fún un gan-an ń borí, ẹ kọ́kọ́ mú ọdún kan. Ọdún yẹn ni yóò sọ irú ọkọ̀ tó lè wá, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, aṣọ tí wọn yóò wọ̀ àti ibi tí wọn yóò ti dúró. Rálì tí kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di ìwọ́de lásán: ọkọ̀ á tò, èèyàn á ya fọ́tò, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Fún ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, 1978 ni a fara mọ́. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlú wa kọjá láìwọ inú wọn. Òfin méjì péré ló tó: ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1978 kò lè kópa, ọkọ̀ tó bá sì ń kópa kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òpópónà márosẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nílẹ̀ tó bá ètò yìí mu rẹ́gí: bodè. Kí 1892 tó dé, àwọn Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà àti òkè. Oníṣòwò kì í kàn ń kọjá; ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbodè, kó sanwó kó tó tẹ̀ síwájú. Oṣù Karùn-ún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà ní Ìmàgbọ̀n, tí wọ́n sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà. Nítorí náà, ibi tí rálì bá ti ń ka àkókò ọkọ̀, ẹ pè é ní bodè. Ẹni tó di aago mú níbẹ̀, oníbodè ni. Káàdì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé dání ni ìwé ìbodè. Ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn á tètè lóye òfin eré náà nígbà tí ẹ bá fi orúkọ yìí pè é, pàápàá àwọn àgbà ìlú tí ẹ máa lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà

Ọ̀nà tí a dámọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀fin, níwájú ààfin Akárìgbò ní Ṣàgámù. Ó gba Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ó gba Ìròlú dé Àgọ́-Ìwòyè, ó yà ní Orù, ó sì parí sí Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo rẹ̀ kò tó 100 kìlómítà, ó sì tó. Ọkọ̀ tó ti lé ní 45 ọdún, tó ń rìn ní eré 36 kìlómítà ní wákàtí kan, tó ń dúró ní bodè, tó tún ń sinmi ní Ìkẹ́nnẹ́, yóò lo láti aago méje àbọ̀ àárọ̀ dé nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Láti Orù, ọ̀nà tún yà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún un, kó fi wákàtí kan kún ètò rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni kí ẹ ti fún àwọn èèyàn láàyè jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni Tai Solarin ti dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ogójì ìṣẹ́jú ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún un. Tó bá dín sí ìyẹn, àwọn èèyàn á máa sáré jáde níbi ibojì, kò sì bójú mu.

Ní Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má fi bodè sí àárín ìlú. Ìlú yunifásítì ni méjèèjì, Babcock ní Ìlíṣàn, Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè; ọ̀kadà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gba iwájú ọkọ̀ kọjá láìdúró. Ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kò gbọdọ̀ wà láàárín wọn. Ìlànà wa ni pé apá tí a ń ka àkókò rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkẹyìn ìlú kan, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí ọkọ̀ tó kan ilé àkọ́kọ́ ìlú kejì. Inú ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra lọ, kí wọ́n máa juwọ́. Ọ̀nà Ìlíṣàn sí Àgọ́-Ìwòyè ló gùn jù, tí ilé sì ṣọ̀wọ́n jù lẹ́bàá rẹ̀, nítorí náà orí rẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti ìdíje yẹ kó wà.

Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí wọ́n ń tọ́ka sí pé wọ́n sin Bilikísù Súngbọ́, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrà àti òkìtì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó yẹ kí gbogbo àlejò rí i, ṣùgbọ́n ẹ fi bọ́ọ̀sì kó wọn lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Sàléńsà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ga sílẹ̀, ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí á já a dànù.

Bí ẹ bá fẹ́ kókó mìíràn ní ọdún tó ń bọ̀, Òsósà wà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ogunde (1916 sí 1990), ẹni tó fi ọkọ̀ kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ káàkiri ìlú. Rálì bọ́ọ̀sì àti lọ́rì onípákó nìkan, láti Òsósà, á dára púpọ̀.

Ọjọ́ àti ìyọ̀ǹda

Ìparí oṣù Kọkànlá ni a fẹ́ràn jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò tíì kó eruku dé, ooru oṣù Kejì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í se epo nínú páìpù. Oṣù Kejìlá ti kún fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, oṣù Kẹfà àti Kẹsàn-án sì jẹ́ ti òjò.

Ẹ má mú ọjọ́ láìbi àwọn onílé léèrè. Àsìkò Agẹmọ, obìnrin kò gbọdọ̀ rí àwọn Alágẹmọ lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń rin ìrìn wọn, àti pé ìdajì àwọn atọ́nà yín (ẹni tó jókòó ti awakọ̀, tó ń sọ ibi tí yóò gbà fún un) lè jẹ́ obìnrin. Bí ìlú bá kéde Orò, bákan náà ni. Ojúde Ọba, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa kó ọkọ̀ àtijọ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹṣin àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ló ni ọjọ́ náà. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ọjọ́ Sátidé dára bí ẹ bá lè parí kó tó di aago méjì, torí lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn olóde á ti gbé kánópì dí títì.

Lẹ́tà ààfin ni kó kọ́kọ́ jáde, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Ẹ má fi ránṣẹ́ lásán. Ẹ wá olóyè tàbí ọmọ ìlú tí yóò mú yín wọlé, kí ẹ sì gbé obì lọ. Ṣàgámù ni a ń wí o, ìlú tí òwò obì ti sọ di olókìkí, ẹ má gbé obì tó ti hunjọ lọ síbẹ̀. Nínú lẹ́tà, ẹ kọ iye ọkọ̀, aago tí ti àkọ́kọ́ máa dé, aago tí ti ìkẹyìn máa kúrò, àti ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ọba Síkírù Adétọ̀nà jẹ Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025. Níbikíbi tí ìtẹ́ bá ṣófo, ọ̀dọ̀ àwọn olóyè àgbà ni ọ̀rọ̀ yín ń lọ, kí ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ fo ààfin.

Lẹ́yìn ààfin ló kan ọlọ́pàá, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, TRACE (àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀) ti ìpínlẹ̀ Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà gbà kọjá, àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì. Ọ̀pọ̀ olùṣètò ló ń gbàgbé àwọn awakọ̀. Wọ́n á rí ọkọ̀ ogún tó dúró ní ìkóríta wọn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ariyanjiyan á bẹ̀rẹ̀, aago á sì máa lọ. Ẹ fún ẹgbẹ́ wọn ní ìwé tó sọ ìṣẹ́jú tí ẹ máa lò níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n ní ẹni méjì tí yóò bá yín darí ọkọ̀.

Ìwé ọ̀nà

Ìwé ọ̀nà ni ìwé tí atọ́nà ń kà fún awakọ̀. Bí ìwé bá lábùkù, gbogbo ìdíje lábùkù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọn gbogbo ọ̀nà, pẹ̀lú táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, kí ẹ sì kọ ọ́ dé ìdá mẹ́wàá kìlómítà. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní òpó mẹ́ta: iye kìlómítà láti bodè tó ṣáájú, àwòrán ìkóríta, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwòrán náà rọrùn: àmì róbótó kékeré ni ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ọfà ni ibi tó ń lọ, ìlà tó kù ni ọ̀nà tí a ò gbà.

Ẹ fi ohun tí kò ní lọ sàmì: mọ́ṣáláṣí, ilé ìjọsìn, afárá, ilé epo, igi ńlá. Ẹ má fi pátákó ìpolówó tàbí ṣọ́ọ̀bù onígi sàmì. Kí ọjọ́ ó tó pé, wọ́n ti lè ká a kúrò, ọkọ̀ mẹ́wàá á sì ṣìnà síbi kan náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ wa ọ̀nà náà. Àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, láti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ọjọ́ Sátidé, ní aago kan náà tí rálì máa kọjá, nítorí ìkóríta aago mẹ́sàn-án yàtọ̀ sí ti aago kan ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọjọ́ tó ṣáájú rálì, láti wo kòtò tuntun àti iṣẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí kò bá bá yín wọn ọ̀nà náà ni kó ka ìwé fún awakọ̀ lọ́jọ́ kẹta yẹn. Ẹni tó wọn ọ́n máa ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Ti àlejò nìkan ló ń fi àbùkù ìwé hàn.

Máìléèjì ọkọ̀ àtijọ́ kì í bára wọn mu. Nítorí náà, ẹ la apá 5 kìlómítà sílẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ ti fi fóònù tó ń lo sátẹ́láìtì wọ̀n, kí kálukú fi dán máìléèjì rẹ̀ wò. Bí tirẹ̀ bá ka 5.2 níbi tí ìwé sọ pé 5.0, yóò máa fi 1.04 sọ iye inú ìwé di púpọ̀: 12 kìlómítà nínú ìwé á jẹ́ 12.48 lójú máìléèjì rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ka máìlì, kí atọ́nà fi 1.609 pín iye inú ìwé kó tó jókòó sínú ọkọ̀: 12 kìlómítà jẹ́ 7.46 máìlì. Ẹ tẹ iye méjèèjì sínú ìwé bí àyè bá wà, ó ń gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìṣirò lójú ọ̀nà.

Aago àti máàkì

Ẹ má jẹ́ kó di eré sísá. Ẹni tó bá dé ní àkókò tí a fún un gan-an ló borí, ẹni tó bá yára jù ni ìyà rẹ̀ pọ̀ jù. 36 kìlómítà ní wákàtí ni eré tí a dámọ̀ràn, nítorí pé ní eré yìí, kìlómítà kan ń gba 100 ìṣẹ́jú àáyá. Àní ọmọ iléèwé lè ṣe ìṣirò rẹ̀: kìlómítà 12 á gba 1,200, èyí tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Ní 30, kìlómítà kan gba ìṣẹ́jú méjì. Ní 40, ó gba 90 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má lé e ju 40 lọ lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Máàkì ìyà kan fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi pẹ́, méjì fún èyí tó bá fi yá. Ìdí tí yíyá fi gbọ́dọ̀ wọ́n ju pípẹ́ lọ ni pé ẹni tó bá sáré á kàn lọ dúró sítòsí bodè, ṣe ni ọkọ̀ á tò síbẹ̀ bíi ti ilé epo nígbà ọ̀wọ́n gógó. Ẹ fi òfin dí ìyẹn náà: ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dúró nígbà tó bá ti rí bodè. Kí máàkì bodè kan má sì ju 300 lọ, kí ẹni tí táyà rẹ̀ jò lẹ́ẹ̀kan ṣì ní ìdí láti máa bá a lọ.

Ìṣẹ́jú kan ni kó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ 24 á gba 24 ìṣẹ́jú. A kò ní gbà ju 30 lọ, nítorí àyè iwájú ààfin àti nítorí pé ìrù rálì gígùn ń dí ìlú lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó lọ́ra jù ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fi èyí tó yá ṣáájú, á dára lójú níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn á há sẹ́yìn lọ́rì.

Oníbodè méjì ni ti bodè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń wo aago, ọ̀kan ń kọ ọ́. Kí gbogbo wọn fi fóònù tó ń gba aago láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe é, kí wọ́n sì ka aago síra wọn létí kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Wọ́n á ṣí bodè ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú àkókò ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á sì tì í ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àkókò ti ìkẹyìn. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà ni tábìlì wà. Ẹ rántí pé ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ní ọwọ́ ọkọ̀ (sítíárìn) wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí yóò gba káàdì. Nínú àwọn ìyókù, atọ́nà ni.

Ìyàtọ̀ yìí tún léwu. Awakọ̀ tí ọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú nígbà tó bá fẹ́ yà kọjá lọ́rì. Atọ́nà tó wà lósì ni ojú rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ méjì péré ṣáájú, "máa bọ̀" àti "dúró", kí awakọ̀ má sì yà láìgbọ́ àkọ́kọ́.

Ọkọ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí mẹkáníìkì yẹ gbogbo ọkọ̀ wò, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá dá padà láàárọ̀ á bá yín jà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú á lọ tún un ṣe.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2223 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún 2023. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀, nítorí náà ojú táyà rẹ̀ máa ń ga nígbà tí rọ́bà ti kú. Bí ó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, tàbí tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á.

Bírèkì lẹ́yìn náà. Ọ̀ìlì bírèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú páìpù, ooru á sọ omi yẹn di oru, ẹsẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ pátápátá lórí ìtẹ̀. Ẹ tú ti àtijọ́ dànù, ẹ rọ tuntun. Ẹ wo ìdí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ibi tó ń jò.

Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ló máa pọ̀ jù nínú àwọn tó bá wá, torí náà ẹ mọ ìwà rẹ̀. Kò ní rédíétọ̀. Fáànù ló ń tù ú lẹ́yìn. Bí fáànbẹ́ẹ̀tì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, kó pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò gbọdọ̀ sọ pé òun á rọra dé ìlú tó kàn; ẹ́ńjìnnì á ti jóná kó tó débẹ̀. Ọ̀ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, ọ̀ìlì yẹn náà ló tún ń bá a tu ara, nítorí náà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wá. Àlàfo kọ́ńtáàtì (irin kékeré tó ń ṣí, tó ń padé, kí plọ́ọ̀gì lè ṣẹ́ná) jẹ́ 0.4 mílímítà, ti fáfù jẹ́ 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí kọ́ńtáàtì bá jẹ, àlàfo á dínkù, iná á máa pẹ́ kó tó ṣẹ́, ọkọ̀ á gbóná, kò sì ní lágbára: ọ̀pọ̀ á lọ máa tú káábúrétọ̀ nígbà tó jẹ́ pé kọ́ńtáàtì ló fà á. Ẹ tún di páìpù epo rẹ̀ mú. Rọ́bà tó gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá lọ sí káábúrétọ̀ máa ń gbó, páìpù idẹ kékeré tó ń gba epo wọ káábúrétọ̀ sì lè yọ. Epo á dà sórí iná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti ń jóná. Rọ́bà tuntun, kílípù ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àti apáná oníyẹ̀fun kìlógíráàmù kan ó kéré tán, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o. Ẹni tó bá fi apáná sínú bọ́ńẹ́ẹ̀tì iwájú kò ní apáná.

Fún Peugeot 404 àti 504, Morris Minor, Datsun àti àwọn onírédíétọ̀ yòókù, ẹ wo hóòsì, kí wọ́n gbé lítà omi márùn-ún dání. Kí wọ́n má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná.

Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ ní ìpẹtà nínú táǹkì epo. Ó lè rìn dáadáa nínú ìlú, kó wá máa kú sójú ọ̀nà, torí ìmìtìtì ti ru ìpẹtà sókè, fílítà sì ti dí. Fílítà aláwọ̀ tó mọ́ gaara ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n lè rí ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé méjì dání. Kí wọ́n bu epo lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìṣòro kan wà tó máa ń dé ní Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́yìn ìsinmi, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé páńpù epo ló bàjẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ tó gbóná bá dúró, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i mọ́, ooru ẹ́ńjìnnì á gun orí páńpù àti páìpù, epo inú rẹ̀ á hó di oru. Páńpù kò lè fa oru. Ẹ páàkì wọn síbi òjìji, kí wọ́n ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì tán pátá. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ fi àkísà tí omi wà lára rẹ̀ bo páńpù àti páìpù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n má máa ta sítátà títí bátìrì á fi kú.

Ọkọ̀ mẹkáníìkì

Ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé gbogbo wọn lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọkọ̀ kankan tó bá dúró. Mẹkáníìkì kan, rìwáyà kan, fọganáísà kan bí owó bá gbà á. Ẹ wá mẹkáníìkì tó ti dàgbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ọkọ̀ òde òní dáadáa lè má tíì fọwọ́ kan kọ́ńtáàtì rí. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà: fáànbẹ́ẹ̀tì fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, kọ́ńtáàtì àti kọ̀ǹdẹ́ńsà, plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì kan tó ń ṣiṣẹ́ folt 12, wáyà, fíùsì, rọ́bà epo mítà méjì pẹ̀lú kílípù, ọ̀ìlì lítà márùn-ún, ọ̀ìlì bírèkì, omi ogún lítà, jáàkì tó lágbára àti pákó tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, wáyà bátìrì, okùn ìfàkọ̀ mítà mẹ́rin. Kọ̀ǹdẹ́ńsà tuntun ọjà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbára lé. Èyí tí wọ́n ti dán wò lórí ọkọ̀ ni kí ẹ kó dání.

Kí wọ́n fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ wọ́ ọ dé ìlú tó sún mọ́ jù lọ, kí ọkọ̀ mẹkáníìkì má bàa pẹ́ lẹ́yìn àwọn yòókù. Ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má fi okùn fà á. Orí ọkọ̀ akọ́kọ̀ ni kó gùn.

Aṣọ àti oúnjẹ

Ẹ ya ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ bíi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́: àwọn tó ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, àwọn tó tẹ̀lé e dé 1978, àti lọ́rì pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí bọ́lẹ̀kájà kan tó ṣì ń rìn, ẹ fi orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé ìkéde. Ṣùgbọ́n kò sí agbádá lẹ́yìn ọwọ́ ọkọ̀. Apá rẹ̀ máa ń há mọ́ ọ̀pá gíà àti bírèkì ọwọ́, gèlè gíga sì máa ń dí gíláàsì ẹ̀yìn. Bùbá tàbí dàńṣíkí ni kí wọ́n fi wakọ̀, kí agbádá àti gèlè dé ara nígbà tí wọ́n bá kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ààfin.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí alásè mọ iye èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú: méjì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn oníbodè, mẹkáníìkì, ọlọ́pàá, àti ogún sí i fún àwọn tí yóò kàn bá yín dé. Ẹ fi gààrì Ìjẹ̀bú kìlógíráàmù kan kan ṣe ẹ̀bùn ìdágbére.

Ọjọ́ náà

Aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn oníbodè ti wà ní ìdí wọn. Aago mẹ́fà àbọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀fin, ẹ sì wo iná, wáípà gíláàsì àti fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Aago méje, ìpàdé awakọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: kòtò tuntun, ọ̀nà tó yí padà, nọ́ńbà fóònù ọkọ̀ mẹkáníìkì, àti ìkìlọ̀ pé kò sí fèrè fífọn ní àgbègbè ààfin àfi bí wọ́n bá ní kí wọ́n fọn. Aago méje àbọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra.

Ní bodè Ìkẹ́nnẹ́, ẹ fún atọ́nà ní ìbéèrè kan tí kò lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó jẹ́ pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ tó sì wò ó dáadáa nìkan ló lè dáhùn. Ìdáhùn tí kò bá tọ̀nà jẹ́ 60 máàkì ìyà. Èyí ni yóò mú kí wọ́n wo ìlú, kì í ṣe aago nìkan.

Ẹ lẹ àbájáde mọ́ ògiri ibi oúnjẹ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fúnni ní ife ẹ̀yẹ, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn mú káàdì rẹ̀ wá. Ohun tí oníbodè kọ sórí káàdì ló lágbára ju èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ, nítorí atọ́nà rí i nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Kí gbogbo ọkọ̀ ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó di aago mẹ́rin. Àwọn Ìjàpá àtijọ́ kan ṣì ń lo bátìrì folt 6, iná wọn kò ju ti àtùpà lọ, àwọn lọ́rì elérù sì ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ẹnì kan nínú yín ni kó jókòó pẹ̀lú orúkọ gbogbo ọkọ̀ níwájú rẹ̀, kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fagi lé orúkọ bí wọ́n bá ṣe ń sọ pé àwọn ti délé. Kò gbọdọ̀ lọ sùn títí orúkọ ìkẹyìn yóò fi tán.